Kí Ni S Ń Ṣe Nínú Ẹ̀jẹ̀?

  

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìdílé kan nílẹ̀ wa lónìí tí kò mọ ìwé pélébé tí wọ́n ń fúnni ní láàbù, tí wọ́n kọ lẹ́tà méjì sí: AA, AS, AC, SS, SC. Àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ àti lèmọ́mù ń bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so ọkọ àti aya pọ̀. Àwọn ìyá ọkọ pàápàá ń bèèrè rẹ̀, nígbà mìíràn kí wọ́n tó bèèrè orúkọ ìyàwó. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro mọ́: bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SS ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Gbogbo wa la mọ ìṣirò yìí. Àmọ́ ó jọ mí lójú pé a mọ ìṣirò lẹ́tà náà ju bí a ṣe mọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ lọ. Kí ni S? Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Èé ṣe tí ẹni tó ní ẹyọ kan fi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí egungun ń ro ẹni tó ní méjì títí omijé á fi gbẹ lójú rẹ̀?

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ burúkú, ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ayé kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Orúkọ purotéènì kan ni S. Àlàyé mi lálẹ́ òní kò ju pé ká tẹ̀ lé purotéènì yìí, láti orí ohun kékeré kan tó yí padà lára rẹ̀, títí dé orí ìrora tó ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lóru.

Bí a bá dárúkọ purotéènì, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ purotéènì tí a bá jẹ, ńṣe ni ara máa ń tú u palẹ̀, tí á sì fi ohun tó tú lára rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, purotéènì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Òmíràn ń gbé ọ́síjìn kiri, òmíràn ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, òmíràn dúró lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kí iyọ̀ wọlé kó sì jáde, òmíràn sì dì mọ́ jíìnì kan kí jíìnì náà má bàa ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Amínò ásíìdì ni èròjà tí wọ́n fi ń ṣe purotéènì. Oríṣi 20 ni ara wa ń lò. Jíìnì ló ń sọ bí wọn yóò ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ. Bí wọ́n bá ṣe ń tò ni wọ́n á máa ká jọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì wọ́n tó ń ká wọn. Omi ló kún inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn kan lára amínò ásíìdì yìí sì kórìíra omi bí òróró ṣe kórìíra rẹ̀, nítorí náà wọ́n á sá wọnú. Àwọn mìíràn gbé iná lára, irú iná tó wà lórí bátìrì, èyí tó ní àmì ìròpọ̀ àti èyí tó ní àmì ìyọkúrò. Àwọn yẹn fẹ́ràn omi, wọ́n á sì kọjú síta. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ká tán, purotéènì náà ti ní ìrísí kan pàtó, pẹ̀lú kòtò níbí, gegele lọ́hùn-ún, ojú kan tó gbé iná, ojú kan tó dà bí òróró. Ohun tó bá ojú rẹ̀ mu nìkan ló lè dì mọ́. Ohun tó bá lè dì mọ́ ló sì ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe.

Purotéènì tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni himoglóbíìnì, òun ló sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Okùn mẹ́rin ló wà nínú ẹyọ kan: méjì tí wọ́n ń pè ní álífà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní amínò ásíìdì 141, àti méjì tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 146. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 574 ni. Okùn kọ̀ọ̀kan di ẹyọ irin kan mú, ibẹ̀ ni ọ́síjìn ń jókòó sí. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo, ẹyọ himoglóbíìnì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 270. Ẹ tún un gbọ́ o: inú sẹ́ẹ̀lì kan, tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì náà ti sọ kókó inú rẹ̀ nù kí himoglóbíìnì lè ráyè. Wọ́n há sínú ibẹ̀ débi pé ẹyọ kan kò lè yí sápá ọ̀tún kó má fara kan èkejì. Ní ara ẹni tó jẹ́ AA, ìfarakanra yìí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á kan ara wọn, wọ́n á yẹ̀ fún ara wọn.

Ohun kan tún wà tí himoglóbíìnì máa ń ṣe tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: ó máa ń yí ìrísí padà. Ní 1938, Felix Haurowitz ní ìlú Prague ń fi máíkírósíkóòpù wo kírísítà himoglóbíìnì tí kò ní ọ́síjìn nínú. Afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé bá a, kírísítà náà sì yí padà lójú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀. Àna rẹ̀ kan wà ní Cambridge, Max Perutz, ọmọ Vienna, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1937 sí í fi X-ray wá bí himoglóbíìnì ṣe rí. Ọdún 1959 ni Perutz tó rí àwòrán tó ń wá, lẹ́yìn ọdún 22. Wọ́n fún òun àti John Kendrew ní ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ ni pé bí ọ́síjìn bá wọlé, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sún, wọ́n á yí díẹ̀ lórí ara wọn. Bí ọ́síjìn bá jáde, wọ́n á padà síbi tí wọ́n wà. Nítorí náà, ojú méjì ni himoglóbíìnì ní: ojú tó ń gbé wá láti ẹ̀dọ̀fóró, àti ojú tó ń gbé padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti já ẹrù sílẹ̀. Ojú kejì yìí ni S ti ń ṣọṣẹ́.

Nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, Chicago ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1910, dókítà James Herrick kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti erékùṣù Grenada wá kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gùn tó sì tẹ̀ bíi dòjé wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ti àwọn nìyẹn. Níhìn-ín, àwọn ìyá wa kò dúró de máíkírósíkóòpù kí wọ́n tó mọ ọmọ tí egungun ń dà láàmú, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń ṣàìsàn lónìí tó ń ṣeré lọ́la. Fòníkú-fọ̀ládìde tí a ń pè é kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú rí.

Ní 1927, Hahn àti Gillespie fi hàn pé ọ́síjìn ló ń darí ọ̀rọ̀ náà: bí wọ́n bá lé ọ́síjìn kúrò, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, bí wọ́n bá dá a padà, á tún rí roboto. Ní 1945, níbi oúnjẹ alẹ́ kan, dókítà William Castle sọ èyí létí Linus Pauling. Onímọ̀ kẹ́místírì ni Pauling, kì í ṣe dókítà. Lójú ẹsẹ̀ ló ti rò ó pé bó bá jẹ́ pé ọ́síjìn ló ń fà á, a jẹ́ pé inú himoglóbíìnì ni àléébù náà wà, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan máa lẹ̀ mọ́ èkejì. Òun, Harvey Itano, Singer àti Wells dán an wò. Wọ́n jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú himoglóbíìnì kọjá. Èyí tó wá lára ẹni tí àrùn yìí ń ṣe kò rìn bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, èyí tó wá lára ẹni tó jẹ́ AS sì pín sí méjì, apá kan rìn bíi ti ọ̀kan, apá kejì rìn bíi ti èkejì. Ọdún 1949 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àrùn àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí ẹyọ purotéènì kan pé òun ló fà á.

Bí ẹ bá ti lọ ṣe jẹ́nótáìpù rí, irú ohun tí Pauling ṣe ni wọ́n ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yín. Wọ́n kán díẹ̀ sórí bébà, wọ́n tan iná sí i, wọ́n sì wo bí ìlà pupa ṣe rìn jìnnà tó. A ń sáré síwájú, S ń wọ́ tẹ̀ lé e, C ló ń gbẹ́yìn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ síwèé jẹ́ orúkọ ìlà yẹn.

Èwo ló wá yí padà lára S? Vernon Ingram, tó ṣiṣẹ́ ní Cambridge níbi tí Perutz wà, ló wá a rí. Ó mú trypsin, èyí tí ìfun wa fi ń gé oúnjẹ, ó fi gé himoglóbíìnì wẹ́wẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀já rẹ̀ tàn ká orí bébà. Ẹ̀já kan ṣoṣo ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tó máa fi di 1957, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: lórí okùn bẹ́tà, ní ipò kẹfà, glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀. Valine ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kò sí níbòmíràn. Okùn bẹ́tà jẹ́ méjì, nítorí náà nínú 574, méjì péré ló yí padà.

Ẹ wo ohun tí méjì yẹn ṣe. Glutamic acid gbé iná àmì ìyọkúrò lára, ó fẹ́ràn omi, ó sì kọjú síta níbi tó yẹ ẹ́. Valine kò gbé iná kankan, ó sì kórìíra omi. Ìdí nìyẹn tí S fi ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí bébà láàbù: iná rẹ̀ ti dín. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, òmíràn tún wà. Valine yìí wà lójú ìta, nínú omi tí kò fẹ́, ó ń wá ibi tó máa sá sí. Nígbà tí himoglóbíìnì bá ní ọ́síjìn, kò sí ibùsá. Bí ọ́síjìn bá ti jáde, tí okùn sún, kòtò kan á gbà á lára okùn bẹ́tà ti ẹyọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Amínò ásíìdì méjì tí àwọn náà kórìíra omi ló wà nínú kòtò yìí, ní ipò 85 àti 88. Gbogbo ènìyàn ló ní kòtò yìí, AA ní in, AS ní in, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Valine ipò kẹfà ló bá a mu régí. Á wọlé síbẹ̀, ẹyọ kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, èkejì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi di okùn líle, tí ìlà 14 lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀. Okùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n á na sẹ́ẹ̀lì láti inú, á gùn, á mú lórí, á tẹ̀. Dòjé dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn jọ ẹ̀kọ tó ń dì nínú ìkòkò: tẹ́lẹ̀, ó ń ṣàn, kò pẹ́, ó dúró gbọn-in. Àmọ́ ẹ̀kọ ń dì bó bá tutù. Himoglóbíìnì S ń ṣe òdìkejì. Bí ẹ bá gbé e sínú omi yìnyín nígbà tó ti dì, yíyọ́ ló máa yọ́. Kíkórìíra omi tí valine kórìíra omi ló fà á. Agbára ìkórìíra yẹn ń dín bí ohun náà bá ṣe ń tutù sí. Ẹnì kan á wá bi mí pé: bó bá rí bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí òtútù ọyẹ́ fi ń gbé ọmọ SS dùbúlẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Inú ara kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ni pé ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ awọ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rìn jẹ́jẹ́. Ìrìn jẹ́jẹ́ yìí gan-an ló léwu, nítorí pé eré ìje kan ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS ní gbogbo ìgbà.

Ìtàn eré ìje yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ní 1974, William Eaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, rí i pé himoglóbíìnì S kì í dì lójú ẹsẹ̀ tí ọ́síjìn bá jáde. Ó máa ń dúró ná. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dì lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà ìdúró yìí ló ń pa àwọn aláìsàn wa mọ́. Sẹ́ẹ̀lì á wọnú iṣan tín-ín-rín, níbi tó ti ń fún ẹran ara ní ọ́síjìn, ó máa ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan níbẹ̀. Bó bá tètè jáde, tó padà dé ẹ̀dọ̀fóró kí ìgbà ìdúró tó pé, ọ́síjìn á wọlé, kòtò á pa dé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni tó jẹ́ SS ló ń bọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ ohunkóhun tó bá fa ìrìn sẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn, bí ibà, bí òtútù, bí kòkòrò tó ń jẹ́ kí iṣan wú, ó ti jẹ́ kí dídì borí nínú eré ìje náà.

Eaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí òmíràn. Gígùn ìgbà ìdúró náà wà lọ́wọ́ bí himoglóbíìnì ṣe ki tó nínú sẹ́ẹ̀lì, kì í sì í ṣe díẹ̀. Bí kíki rẹ̀ bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá péré, ìgbà ìdúró á gùn ju ìlọ́po 20 lọ. Bó bá ki sí i ní ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀, á kúrú ní ìlọ́po bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ omi tí dókítà ń pariwo rẹ̀ rèé o. Bí ọmọ bá ń gbẹ lómi, tó ń làágùn nínú oòrùn, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ náà ń gbẹ, himoglóbíìnì inú rẹ̀ á ki, àyè tó ní láti dé ẹ̀dọ̀fóró á dín kù. Mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá ṣàlàyé èyí fún wa dípò kí wọ́n máa pàṣẹ nìkan, omi á rọrùn láti mu.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti dì tó sì yọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, awọ rẹ̀ á bàjẹ́. Àwọn purotéènì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iyọ̀ lára awọ náà á jẹ́ kí iyọ̀ àti omi jò jáde, sẹ́ẹ̀lì á tún gbẹ sí i, dídì á tún yá sí i. Lẹ́yìn náà, kò ní lè padà rí roboto mọ́. Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa gbé 120 ọjọ́ láyé. Ti ẹni tó jẹ́ SS ń gbé bíi 10 sí 20. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dín lára wọn nìyẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ náà ló ń mú kí ẹyinjú pọ́n bí òdòdó.

Ìrora náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń rò pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ ló kàn há sínú iṣan. Kò tó bẹ́ẹ̀. Lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ P-selectin, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mú bí egbò bá wà. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ògiri iṣan máa ń bínú, P-selectin á yọ síta lọ́pọ̀lọpọ̀, á di sẹ́ẹ̀lì funfun mú, á di sẹ́ẹ̀lì pupa náà mú. Ọ̀nà á dín. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á pẹ́, ìgbà ìdúró á pé lé wọn lórí, wọ́n á dì síbẹ̀. Ẹran ara tó wà níwájú kò ní rí ọ́síjìn. Bó bá ṣe inú egungun ni, ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, òun la ń pè ní kíráísìsì.

A ti wá lè dáhùn ìbéèrè ẹni tó jẹ́ AS. Nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, A ló pọ̀ díẹ̀ ju S lọ, A kò sì ní valine tí yóò fi lẹ̀. Bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò, A á máa já a. Ìgbà ìdúró á gùn débi pé sẹ́ẹ̀lì á ti délé tipẹ́. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: bí kòkòrò ibà bá wọnú sẹ́ẹ̀lì AS, ó ń jẹ ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, sẹ́ẹ̀lì náà á tẹ̀, ara á sì kó o dànù pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Anthony Allison ló kọ́kọ́ fi hàn, ní 1954, láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pé AS ń gba ọmọ lọ́wọ́ ibà. Níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ ni S ti pọ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS.

Ti C tún yàtọ̀. C wọ́pọ̀ jù ní àríwá Ghana àti Burkina Faso, ó sì wà láàrin àwa Yorùbá. Bí a bá ré kọjá Odò Ọya sápá ìlà-oòrùn, ó ti di ọ̀wọ́n. Ipò kẹfà yẹn náà ló ti yí padà lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n lysine ló wà níbẹ̀, tó gbé iná àmì ìròpọ̀. Lysine kò wọ kòtò. Èé ṣe tí SC fi wá ń ṣàìsàn nígbà tí AS kò ṣàìsàn? Nítorí pé C ń mú kí sẹ́ẹ̀lì sọ iyọ̀ àti omi nù. Kò bá S lẹ̀, àmọ́ ó ń gbẹ ilé tí S ń gbé, S sì ń ki sí i. S tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì SC náà tún pọ̀ ju ti inú sẹ́ẹ̀lì AS lọ.

Ní 1948, dókítà Janet Watson ní New York ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tó jẹ́ SS kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Himoglóbíìnì tí ọmọ ń lò nínú ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní F, ló wà lára wọn nígbà náà. Okùn mìíràn ló wà nínú F dípò bẹ́tà. F kì í wọ ìlà. Àárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí, F á máa lọ, S á máa dé, ìyá á wá máa sọ pé ọmọ òun kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Bí ẹ bá ti bá mi dé ibí, ẹ lè dá ọ̀pọ̀ ìtọ́jú mọ̀ fúnra yín. Ohun tó bá jẹ́ kí F pọ̀ sí i, á já ìlà S. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn hydroxyurea, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1998, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bá di himoglóbíìnì mú sí ojú àkọ́kọ́, ojú tó ní ọ́síjìn, kòtò kò ní gbà á. Voxelotor ń ṣe èyí, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2019, ṣùgbọ́n Pfizer fà á kúrò lọ́jà ní oṣù September 2024 nítorí ohun tí wọ́n rí nípa kíráísìsì àti ikú láàrin àwọn tó ń lò ó. Èmi kò rò pé ó yani lẹ́nu púpọ̀: himoglóbíìnì tó bá di ọ́síjìn mú tó kọ̀ láti fi sílẹ̀, ẹran ara kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wa náà ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs ní Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde pé omi gbòǹgbò orin ata, èyí tí a fi ń rin ẹnu láàárọ̀, ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí roboto nínú ìgò àyẹ̀wò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń wá ibi tó máa ti ra orin ata báyìí. Ẹ ní sùúrù. Inú ìgò, ẹ̀jẹ̀ kò ju ìkán díẹ̀ lọ. Nínú ara àgbàlagbà, himoglóbíìnì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún gíráàmù, oògùn tó bá sì ní kí òun dì mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an kó tó kárí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn tó dára nínú ìgò ti ń kùnà, tewé àti tòyìnbó.

Èyí tó gbòde jù báyìí ni Casgevy, tí ìjọba Britain fọwọ́ sí ní oṣù November 2023, tí ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December. Ẹ rántí purotéènì tó ń dì mọ́ jíìnì kí ó má bàa ṣiṣẹ́. BCL11A ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń pa jíìnì F dé lẹ́yìn ìbí. Wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á gé ohun tó ń jẹ́ kí BCL11A pọ̀ nínú wọn, wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n á sì dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà. F á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọn kò fọwọ́ kan S rárá. Valine ṣì wà ní ipò kẹfà, ó ṣì ń wá kòtò, ṣùgbọ́n F ti pọ̀ láàrin wọn, ìlà kò lè gùn. Ẹni tó gba ìtọ́jú yìí ṣì máa fún ọmọ tó bá bí ní S, nítorí pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ṣe àtúnṣe.

Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye tí wọ́n fi lé e lórí ní Amẹ́ríkà fún ẹnì kan. Hydroxyurea ni ọwọ́ wa tó níhìn-ín. Ó ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù, nítorí náà ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìrí dókítà tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ẹni tó ń lò ó.